Ajá Onírun Gígùn Nínú Ooru Wa: Òòyà Ló Nílò, Kì Í Ṣe Abẹ

Tí oṣù Kẹta bá ti wọlé, tí oòrùn Àbújá àti ti Kano bẹ̀rẹ̀ sí í mú bí iná, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àlejò tó bá yà sí ilé tí ajá onírun gígùn wà: "Ẹ wo bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ! Kí ló dé tí ẹ ò fá irun yìí kúrò lára rẹ̀?" Àánú ajá náà ló ń ṣe wọ́n. Tí èèyàn bá rí Collie tó na gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, tàbí Alsatian onírun púpọ̀ tó sá sábẹ́ mọ́tò tó na ahọ́n síta, ó máa ń dà bí ẹni tó wọ agbádá mẹ́ta lé ara wọn lọ sóko. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé gbé kílípà.

Ṣùgbọ́n irun yẹn kọ́ ni ọ̀tá ajá náà. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni irun tó ti kú tí ẹnikẹ́ni kò yà kúrò, eégbọn tó fara pamọ́ sábẹ́ irun náà, àti oògùn tí wọ́n gún un láì béèrè. Ìdílé kan lè dènà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú ilé, tí wọ́n bá ní òòyà kan, búrọ́ọ̀ṣì kan, àti wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ ṣe máa ṣe é.

Ibi tí irun náà ti wá

Ẹ wo ajá ìbílẹ̀ wa, yálà ní Ìlọrin, ní Zaria tàbí ní Kumasi. Irun rẹ̀ kúrú, ó sì lẹ̀ mọ́ ara, torí pé ilẹ̀ tó gbóná ni ìran rẹ̀ ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ajá adaran tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Scotland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Collie onírun gígùn ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa da àgùntàn lórí òkè, nínú òjò, nínú atẹ́gùn àti nínú yìnyín. Ọbabìnrin Victoria fẹ́ràn wọn gan-an, ó sì ń sin wọ́n ní ààfin rẹ̀ ní Balmoral, ìyẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọlọ́lá máa wá wọn kiri. Nígbà tó yá, ìwé tí Eric Knight kọ lọ́dún 1940 àti fíìmù tí wọ́n ṣe látinú rẹ̀ lọ́dún 1943 sọ Lassie di orúkọ tí àwọn ọmọdé mọ̀ káàkiri ayé.

Jámánì ni Alsatian ti wá ní tiẹ̀. Ọdún 1899 ni Max von Stephanitz ra ajá adaran kan, ó sọ ọ́ ní Horand, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń bójú tó irú ajá bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lára Alsatian ni irun wọn kúrú díẹ̀, àwọn kan sì wà tí irun tiwọn gùn débi pé ó ń ṣẹ́ wálẹ̀ létí, lẹ́yìn itan àti ní ìrù. Ní ti Caucasian, tí ọ̀pọ̀ ilé ń fi ṣọ́ ọgbà báyìí ní Nàìjíríà, àwọn òkè Caucasus ló ti wá. Kì í da ẹran, ṣe ló ń ṣọ́ agbo lọ́wọ́ ìkookò, ṣùgbọ́n ìtọ́jú irun kan náà ló nílò.

Oríṣi irun méjì ló wà lára àwọn ajá yìí. Irun òkè gùn, ó le díẹ̀, omi àti ìdọ̀tí kì í sì tètè wọnú rẹ̀. Irun abẹ́ kúrú, ó rọ̀ bí òwú, ó sì ki pọ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, irun abẹ́ yìí máa ń re gan-an nígbà tí ojú ọjọ́ bá ń yí padà, òmíràn á sì hù dípò rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, níbi tí ọ̀sán àti òru kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra jálẹ̀ ọdún, irun ọ̀pọ̀ wọn máa ń re díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Irun tó ti re yìí kì í jábọ́ sílẹ̀ tán. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń há sáàárín irun òkè, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi dáa kí ẹ fá a?

Gbogbo ara ni àwa èèyàn fi ń làágùn. Tí a bá bọ́ aṣọ, tí atẹ́gùn sì fẹ́ sí wa, ara á tù wá. Ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn díẹ̀. Mímí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn gan-an ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fá a kodoro, ẹ ò tíì ṣí ọ̀nà kankan tí ooru lè gbà jáde. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tó ń bò ó lọ́wọ́ oòrùn lẹ ká kúrò yẹn. Ẹ rántí bí inú ilé tí wọ́n fi koríko bò ṣe máa ń tutù ju ti ilé tí kò ní àjà lọ. Irú iṣẹ́ yẹn ni irun òkè ń ṣe fún awọ ajá.

Fífá tún máa ń fa ìṣòro míì. Oòrùn lè jó awọ rẹ̀, pàápàá ní imú àti níbi tí irun rẹ̀ bá ti funfun. Ẹ̀fọn àti eṣinṣin á ráyè bà lé e. Bí irun náà bá sì tún máa hù, irun abẹ́ ló máa ń tètè hù ju tòkè lọ, ara ajá náà á wá rí jákujàku. Ó lè gba oṣù mélòó kan tàbí ju ọdún kan lọ kí irun òkè tó padà, àwọn ajá kan sì wà tí tiwọn kì í padà bọ̀ sípò mọ́.

Irun abẹ́ tó ti kú, tó wá dì pọ̀, ló ń sé ooru mọ́ ajá lára. Tẹ́ ẹ bá yà á kúrò, atẹ́gùn á máa gba àárín irun òkè kọjá títí dé awọ. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ rò pé kílípà máa ṣe, òòyà ló ń ṣe é.

Àmọ́ o, ìgbà míì wà tí fífá pọn dandan. Bí ajá bá ní egbò tí dókítà ẹranko fẹ́ tọ́jú, tàbí tí irun rẹ̀ ti dì mọ́ra bí ẹní débi pé òòyà kò lè wọ̀ ọ́ mọ́, dókítà lè ní kí wọ́n fá ibẹ̀. Ìtọ́jú àìsàn nìyẹn, kì í ṣe nǹkan tí èèyàn á máa ṣe lọ́dọọdún torí ooru.

Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ máa nílò

Ẹ wá òòyà onírin kan tí eyín rẹ̀ fẹ̀ lápá kan, tó sì sún mọ́ra lápá kejì. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì ajá tí wọ́n to irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ sí lójú. Ẹ ní ìgò tí wọ́n fi ń fín omi, àlùmọ́gàjí kékeré tí orí rẹ̀ kò mú ṣóńṣó, ohun ìgékàn-án ajá, ẹ̀mú kékeré tẹ́ ẹ máa fi yọ eégbọn, ìgò tí sípíríìtì díẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti aṣọ ìnura méjì. Kó gbogbo rẹ̀ sínú báágì kan, kí ó má di pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹ̀mú kiri nígbà tí ajá ti sú.

Bí ẹ ṣe máa yà á

Ẹ yan àkókò tí ara bá ti tù ú, bí ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ ti mú un rìn díẹ̀. Ẹ má ṣe é nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Kẹ́ ẹ tó mú òòyà, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ fi ìka wọ inú irun náà kan awọ, láti orí dé ìrù. Ohun tí ojú kò lè rí, ọwọ́ á bá a: kókó irun, eégbọn, egbò, koko tó yọ lára, tàbí eegun ìhà tó ti ń yọ jù. Irun gígùn máa ń bo ajá tó ń rù mọ́lẹ̀. Ajá lè máa gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́nikẹ́ni má mọ̀, àfi ẹni tó ń fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ fín omi díẹ̀ sí irun náà. Irun tó gbẹ táútáú máa ń já tí wọ́n bá ń yà á, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Kò gbọ́dọ̀ rin o, kó kàn lọ́rinrin ni.

Láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lókè. Ẹ fi ọwọ́ kan gbá irun sókè kí awọ hàn, bí onídìrí ṣe máa ń la orí kó tó di ṣùkú. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ya ìlà kékeré tó hàn yẹn láti ìdí irun dé ṣóńṣó rẹ̀. Tí ìlà yẹn bá ti ṣe tán, ẹ tún la òmíràn lókè rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kéèyàn máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá orí irun lásán. Irun òkè á máa dán, ẹ̀yin náà á rò pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tí irun abẹ́ ṣì dì bí tìmùtìmù. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fi òòyà onírin dán an wò. Tó bá ń lọ tààrà láti awọ dé òpin irun láì há, ẹ ti ṣe é dáadáa.

Àwọn ibi tí kókó ti ń pọ̀ jù ni ẹ̀yìn etí, abíyá, abẹ́ itan, irun gígùn tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìdí ìrù, àti abẹ́ okùn ọrùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kókó tí kò ju èkùrọ́ lọ lọ́sẹ̀ yìí lè fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ lóṣù tó ń bọ̀, á wá máa fa awọ nígbàkigbà tí ajá bá gbẹ́sẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí kókó, ẹ di ìdí irun náà mú kó má baà dun ajá, kẹ́ ẹ fi ìka tú u, kẹ́ ẹ tó wá fi eyín òòyà tú u láti ṣóńṣó wá sí ìdí. Tí kò bá ṣe é tú, ẹ ki òòyà bọ àárín kókó náà àti awọ, kẹ́ ẹ wá fi àlùmọ́gàjí gé e lókè òòyà. Òòyà yẹn ni kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gé awọ mọ́ irun, torí pé awọ máa ń fà wọnú kókó láìjẹ́ pé ojú rí i.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ máa ya ajá yìí lọ́sẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ pé irun rẹ̀ ń re gan-an, tàbí ó jẹ́ abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó lè gba kẹ́ ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ fún ìwọ̀nba ọjọ́.

Eégbọn: ohun tí òòyà ń bá yín rí

Ọ̀kan lára ìdí pàtàkì tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú òòyà yìí ni eégbọn. Eégbọn aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń gbé ara ajá lọ́dọ̀ wa máa ń wọnú ilé pẹ̀lú. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú ihò ara ògiri. Tó bá ń mu ẹ̀jẹ̀ ajá, ó lè kó àrùn babesia àti ehrlichia sí i lára. Ara ajá tó bá ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ á gbóná, kò ní fẹ́ jẹun, ẹran ìdí eyín rẹ̀ á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ lè dúdú bíi tíì, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa yọ nímú rẹ̀. Tí wọn ò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè kú.

Ẹ wá eégbọn sínú etí, sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, sábẹ́ okùn ọrùn, sí abíyá àti sábẹ́ ìrù. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú ní ẹnu, níbi tó ti wọ awọ gan-an, kẹ́ ẹ fà á jáde tààrà láì kánjú. Ẹ má fi kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi iná jó o, ẹ má sì fi èékánná pa á. Ẹ jù ú sínú sípíríìtì, kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí ajá ń sùn lé, kẹ́ ẹ sì gbá igun ilé dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da otapiapia sí ajá lára. Oró tó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń ba iṣan ara jẹ́, awọ ajá sì lè fà á mu. Bó bá tún lá ara rẹ̀, ó ti gbé e mì nìyẹn. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa gbọ̀n, gìrì á sì gbé e. Àwọn ọmọ yín tó ń dì mọ́ ọn náà kò bọ́. Oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá wà, èyí tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn àti èyí tó ń gbé mì. Dókítà ẹranko ló máa wọn ajá yín kó tó sọ ìwọ̀n tó tọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ológbò nílé, ẹ má fi oògùn eégbọn ajá sí i lára láé. Permethrin tó wà nínú àwọn kan lára rẹ̀ máa ń pa ológbò.

Abẹ́rẹ́ tó lè pa Collie

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le tó ibí. Tí eégbọn tàbí èkúrú bá pọ̀ lára ajá, ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kí ẹnì kan wá fún un ní abẹ́rẹ́ ivermectin. Ìgò tí wọ́n ṣe fún màlúù ni wọ́n sì sábà máa ń fà á látinú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ajá, wọ́n lè lò ó kó má ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Fún ajá adaran, ikú lè wà nínú rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ara tó dà bí olùṣọ́nà tó ń lé oògùn kan padà kó má bàa wọ ọpọlọ. Lọ́dún 2001, Katrina Mealey àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn Collie kan jogún àléébù nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní MDR1, èyí tó mú kí olùṣọ́nà yẹn má ṣiṣẹ́. Ivermectin á wá wọnú ọpọlọ wọn láì sí ohun tó dá a dúró. Ajá náà á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ẹyinjú rẹ̀ á là gbàgàdà, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò ní ríran mọ́, á dákú, ó sì lè kú.

Yunifásítì yẹn sọ pé nínú Collie mẹ́wàá, nǹkan bíi méje ló ní àléébù yìí nínú àbùdá wọn. Ó wà lára nǹkan bí Alsatian kan nínú mẹ́wàá. Ẹ ò lè fi ojú mọ èyí tó ní in. Àyẹ̀wò àbùdá ló lè sọ ọ́. Níbi tí ẹ ò bá ti rí àyẹ̀wò náà ṣe, ẹ ṣe bí ẹni pé ajá yín ní in. Kí ẹnikẹ́ni tó gún Collie, Alsatian tàbí ajá adaran míì lábẹ́rẹ́, ẹ béèrè pé: "Kí lorúkọ oògùn yìí? Ṣé ẹ mọ̀ pé ajá adaran ni?" Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Oògùn míì wà tó ń pa eégbọn àti èkúrú. Loperamide tí àwọn èèyàn ń lò nígbà tí inú bá ń ṣu náà wà lára àwọn tó lè ṣe irú ajá yìí ní jàǹbá, torí náà, ẹ má fún un ní oògùn èèyàn.

Ẹ wá rí i pé òòyà ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Ajá tẹ́ ẹ̀ ń yà lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, eégbọn méjì mẹ́ta lẹ máa bá lára rẹ̀, ẹ̀mú á sì yọ wọ́n. Ajá tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ni eégbọn rẹ̀ máa ń tó igba, ìgbà yẹn sì lẹ̀rù á ba onílé tí á fi gbà kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́.

Ìwẹ̀ àti àwọn nǹkan kéékèèké tó kù

Ìwẹ̀ kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó fún ajá tí wọ́n ń yà déédéé. Ẹ kọ́kọ́ yà á kẹ́ ẹ tó wẹ̀ ẹ́, torí pé omi máa ń mú kí kókó le sí i. Ẹ lo ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ajá. Ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ tí èèyàn ń lò máa ń mú kí awọ rẹ̀ gbẹ, kó sì máa yún un. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án títí omi tó ń jáde á fi mọ́ gaara. Iṣẹ́ tó wá kù ni gbígbẹ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ ara rẹ̀, ẹ má fi ra á. Ẹ gbé e síwájú fáànù, kẹ́ ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì la irun náà títí awọ á fi gbẹ. Òwúrọ̀ ló dáa jù láti wẹ̀ ẹ́, kí iná tó lọ lálẹ́. Irun abẹ́ tó bá wà ní tútù lóru lè di egbò tó ń ṣomi kí ilẹ̀ tó mọ́, eṣinṣin á bà lé e, ìdin á sì wọ̀ ọ́.

Ẹ máa wo etí rẹ̀ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Tó bá ń rùn tàbí tó pọ́n, dókítà ló kàn, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. Ẹ gé irun tó wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè dúró dáadáa lórí táìsì, kẹ́ ẹ sì gé èyí tó wà yí ihò ìdí rẹ̀ ká kó lè mọ́. Ibi tí àlùmọ́gàjí ti wúlò nìyẹn. Ní ti èékánná, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Níbi tó bá ti dúdú tẹ́ ò lè rí ẹ̀jẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gé e. Ẹ má gbàgbé ọmọ ìka tó wà lókè ẹsẹ̀ iwájú. Kì í kan ilẹ̀, torí náà kì í jẹ, ó sì lè ká wọnú ẹran ara.

Ọyẹ́, ooru àti òjò

Ní Jos, Kaduna àti Kano, ọyẹ́ máa ń kó eruku sínú irun abẹ́, awọ á sì máa fún èépá. Lásìkò yẹn, ẹ dín ìwẹ̀ kù, kẹ́ ẹ fi kún yíyà. Ní Port Harcourt, Èkó, Cotonou àti Accra, òjò àti ọ̀rinrin ni ìṣòro. Ẹ gbẹ ajá tó bá ti rìn nínú òjò, pàápàá abẹ́ ikùn àti àárín ìka rẹ̀.

Nígbà ooru, ẹ mú un jáde kí aago méje òwúrọ̀ tó lù. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan títì. Bẹ́ ẹ ò bá lè gbé e sí i fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ti gbóná jù fún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n ooru ara ajá tí ara rẹ̀ le jẹ́ 38.3 sí 39.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá ti kọjá 41, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Bó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí ahọ́n rẹ̀ pọ́n kọjá ààlà, tàbí tó ń bì, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára títí dé awọ, ẹ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àwọn ọmọ náà lè ṣe é

Iṣẹ́ yìí dáa fún àwọn ọmọ, tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà wà níbi orí ajá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ya ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kókó. Ẹ kọ́ wọn ní èdè ajá. Tó bá ń gbé ojú kúrò, tó ń lá ètè, tó le gbagidi, tàbí tó kùn, ó ń sọ pé ó tó. Kí wọ́n jáwọ́ nígbà náà.

Ẹ rí i pé ajá yín gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn dìgbòlugi, kẹ́ ẹ sì tọ́jú káàdì rẹ̀. September 28 ni àyájọ́ àrùn náà lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ìlú sì ni wọ́n ti ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ajá èyíkéyìí bá bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró wo bí ajá náà ṣe máa ṣe.

Kẹ́ ẹ tó ra ọ̀kan

Tí wọ́n bá ń ta ọmọ ajá onírun gígùn, iye owó rẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń béèrè. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé: Ta ló máa ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún irun yìí, fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀? Tí kò bá sí, ajá ìbílẹ̀ wa tí irun rẹ̀ kúrú ló yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀. Onílé tó dáńgájíá ni, ooru kò sì ṣàjèjì sí i.

Tí ẹni tó máa ṣe é bá wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá ṣì kéré. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́, ẹ fọwọ́ kan etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní ẹran díẹ̀ tó bá dúró jẹ́ẹ́. Kó tó pé ọmọ ọdún kan, fúnra rẹ̀ ni á máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó bá ti rí òòyà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí oṣù Kẹta bá sì tún dé, tí àlejò tún sọ pé kẹ́ ẹ fá a, ẹ la irun náà níṣojú rẹ̀, kó rí awọ tó mọ́ tí kò sí eégbọn kankan lára rẹ̀.